Bí ẹ ṣe lè kó ẹgbẹ́ jọ lábẹ́ ìjọba apàṣẹwàá, tí mímú ẹnì kan ò fi ní tú u ká

Lóṣù tó kọjá àwọn ọ̀dọ́ kan ládùúgbò wa ní Ṣómólú wá bá mi nílé, wọ́n ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ìlú yìí ti sú wa, a fẹ́ máa bèèrè ẹ̀tọ́ wa". Mo ní ó dáa, ibo lẹ bá a dé? Wọ́n ní àwọn ti ya lógò, àwọn ti dáwó fẹ́ẹ̀sì-káàpù, WhatsApp grúùpù àwọn sì ti lé ní 300 èèyàn. Mo ní ẹ kú iṣẹ́. Mo wá bi wọ́n pé tí wọ́n bá wá gbé ṣíámáànù yín láago márùn-ún ìdájí ọ̀la, ta ló mọ nọ́ńbà lọ́yà, ọwọ́ ta lowó wà, ta ló máa pe ìpàdé ọjọ́ Sọ́ńdè? Gbogbo wọn yíjú sí ṣíámáànù. Ṣíámáànù náà ń wojú mi.

Ohun tí mo sọ fún wọn lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mò ń kọ síbí, pẹ̀lú àwọn tí mo gbàgbé tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí lẹ́yìn tí wọ́n lọ tán.

Mi ò kọ́ ọ ní yunifásítì o. Ọmọ iṣẹ́ ni mí ní 1994, ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Ṣómólú ẹ mọ̀ pé ìwé ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà, ìwé òkú, gbogbo ẹ̀ ibẹ̀ ló ti ń jáde. Àsìkò yẹn, Babangida ti wọ́gi lé ìbò June 12, 1993 tí Abíọ́lá wọlé, Abacha ti gbàjọba ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn kan náà, àwọn kan sì máa ń gbé iṣẹ́ wá fún ọ̀gá mi lálẹ́, ìwé pélébé ojú ewé kan, pé kí èèyàn má lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ báyìí báyìí. Ọ̀gá mi kì í tẹ̀ ẹ́ àfi tí NEPA bá mú iná lọ. Mo kọ́kọ́ rò pé orí bàbá yẹn ò pé ni, àfìgbà tó yé mi pé tí gbogbo àdúgbò bá ti tan jẹnẹrétọ̀, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ariwo ẹ̀rọ wa. Tá a bá tẹ̀ ẹ́ tán á ka gbogbo wéèsì, èyí tí íńkì fà, èyí tó wọ́, lọ́kọ̀ọ̀kan, á kó o fún màmá ẹlẹ́wà tó wà lẹ́yìnkùlé kó fi dáná, á sì dúró tì í títí á fi jóná tán. Pléètì, á fi sáńpépà ha ojú ẹ̀ títí lẹ́tà kankan ò fi ní hàn mọ́. Ẹni tó ń gbé iṣẹ́ wá, mi ò mọ orúkọ ẹ̀ títí dòní. Ẹni tó ń wá kó o, obìnrin ni, ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ tòmátò ló ń kó o sí, á wọ danfo, ó di Mushin. Òun àti ẹni àkọ́kọ́ yẹn ò mọra. Èmi tí mo fọwọ́ ara mi tẹ̀ ẹ́, tí wọ́n bá gbá mi mú tí wọ́n nà mí títí, orúkọ méjì péré ni mo lè dá, ti ọ̀gá mi àti ti màmá ẹlẹ́wà, màmá ẹlẹ́wà gan-an ò sì mọ ohun tó fi ń dáná.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wá ọ̀rọ̀ kan tó ń ro èèyàn lára, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀. "Ìjọba tiwantiwa" ti tóbi jù fún ìpàdé àkọ́kọ́, ẹni tí omi ẹ̀gbin ń wọ yàrá ẹ̀ á gbọ́ ọ, á ṣe àmín, á sì gba ilé ẹ̀ lọ. Ẹ wo CDHR, ẹgbẹ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn tí Dókítà Beko Ransome-Kuti darí. Ní 1989 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, kọmití kékeré kan ni wọ́n tò láti gba ẹnì kan ṣoṣo sílẹ̀, Fẹ́mi Abọ́ríṣadé, tí ìjọba ológun tì mọ́lé. Ẹnì kan péré. Ṣùgbọ́n torí ẹnì kan yẹn wọ́n di ẹni tó mọra, wọ́n mọ ọ̀nà kóòtù, wọ́n mọ akọ̀ròyìn tí ò ní ta wọ́n, ojú wọn sì là sí àwọn míì tó wà látìmọ́lé tí ẹnikẹ́ni ò bèèrè wọn. Ọdún 1991 ni àwọn, CLO, ẹgbẹ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn míì tó ti wà láti 1987, àtàwọn ẹgbẹ́ míì para pọ̀ di Campaign for Democracy, àwọn yẹn ló wá pe gbogbo Èkó jáde nígbà tí wọ́n fagi lé June 12. Kọmití ẹnì kan ló bí gbogbo ẹ̀.

Tàbí ká tiẹ̀ lọ sí Ìsàlẹ̀ Èkó. Màmá Alimotu Pelewura, ẹlẹ́ja ni wọ́n lọ́jà Eréko, wọn ò kàwé, àwọn sì ni olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọjà. Ní 1940 òyìnbó ní òun máa gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún bá ti ju £50 lọ. Àwọn obìnrin ọjà tẹ̀ka síwèé ẹ̀hónú, wọ́n tilẹ̀kùn ọjà, wọ́n tò lọ bá òyìnbó ní ọ́fíìsì ẹ̀. Òyìnbó gbé e kúrò ní £50 lọ sí £200, ẹ ṣe ìṣirò ẹ̀, obìnrin mélòó ló ń pa £200 lọ́dún nígbà náà? Ṣé ẹ rí i pé kò sẹ́ni tó pariwo òmìnira Nàìjíríà lọ́jọ́ yẹn, owó orí ni. Àwọn tó sì mọ bí wọ́n ṣe ń tilẹ̀kùn ọjà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á mọ bí wọ́n ṣe ń tì í lẹ́ẹ̀kejì.

Tẹ́ ẹ bá ti mọ ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ jà lé lórí, ẹ wá èèyàn méje. Méje ló tó, ẹ fi 300 orí WhatsApp yẹn sílẹ̀ ná. Ẹni tí mo máa ń kọ́kọ́ wá ni ẹni tó ti gba àjọ rí tí owó ẹnikẹ́ni ò sì sọ nù lọ́wọ́ ẹ̀, ẹni yẹn ju ẹni tó mọ gírámà lọ. Kí ọlọ́jà wà níbẹ̀, kí onímọ́tò wà níbẹ̀, kí ẹnì kan tó mọ̀wé kọ wà níbẹ̀, kí obìnrin pọ̀ dáadáa, kì í ṣe kí wọ́n kàn máa pín mínírà. Ẹ sì mú ayálégbé mọ́ ọn, ẹ jọ̀ọ́, torí ẹgbẹ́ onílé ti ń pè ara ẹ̀ ní ẹgbẹ́ àdúgbò tipẹ́, bẹ́ẹ̀ àwa tá à ń san rẹ́ǹtì la pọ̀ jù ládùúgbò. CDA, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, náà dáa, ẹ darapọ̀ mọ́ ọn tó bá ń ṣiṣẹ́ ládùúgbò yín, àmọ́ ẹ rántí pé ìjọba mọ ọ̀nà ibẹ̀, tí ọ̀rọ̀ bá di èyí tí ìjọba ò fẹ́, àwọn kan níbẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

Ẹ wá bi mí ní ti amí. Amí máa wà níbẹ̀. Mo ti jókòó ní ìpàdé tí èèyàn mẹ́sàn-án wà tí ọ̀kan nínú wa ń lọ jábọ̀, a ò sì mọ̀ àfi lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Ohun tí mo rí ni pé wíwá amí ti fọ́ ẹgbẹ́ ju amí fúnra ẹ̀ lọ, gbogbo èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í wo bàtà ara wọn pé ibo ni lágbájá ti rówó rà á. Bí ogiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ráyè wọ ọ́, ẹ ṣáà tún ogiri ṣe. Ẹ to iṣẹ́ yín débi pé ohun tí amí lè gbé lọ ò ní pọ̀.

Ibi tí àwọn èèyàn ti máa ń ṣe àṣìṣe nìyí: wọ́n á fi gbogbo ǹkan pamọ́, tàbí kí wọ́n sọ gbogbo ẹ̀ síta. Ní Póláńdì ní 1976, ìjọba kọ́múníìsì na àwọn òṣìṣẹ́, ó sì lé wọn níṣẹ́, àwọn èèyàn 14 wá dá kọmití kan sílẹ̀ láti gbèjà wọn, KOR ni wọ́n ń pè é, wọ́n kọ orúkọ wọn, àdírẹ́sì wọn àti nọ́ńbà fóònù wọn sínú ìwé tí wọ́n gbé jáde. Ní gbangba! Lábẹ́ ìjọba tó ń gbọ́ fóònù èèyàn. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé òṣìṣẹ́ tí wọ́n bá lù ní ìlú tó jìn mọ ẹni tó lè pè, tí wọ́n bá sì mú ọ̀kan nínú àwọn 14 yẹn, gbogbo ayé ti mọ orúkọ ẹ̀ ṣáájú. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ẹ̀ ni Solidarity, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ńlá yẹn, dé, tí ọmọ ẹgbẹ́ ẹ̀ tó mílíọ̀nù 10. Àwa níbí sì wà ní Èkó tí àwọn oníwèé ìròyìn TheNews àti Tell ń sá kiri láti ilé kan sí ìkejì, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mọ ibi tí wọ́n ti ń kọ ọ́ àti ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́.

Èwo ló wá tọ̀nà? Méjèèjì, àmọ́ kálukú ní àyè tiẹ̀. Orúkọ olórí yín, ohun tẹ́ ẹ ń bèèrè, ọjọ́ ìpàdé, iye owó tó wọlé, ẹ gbé gbogbo ìyẹn síta, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri tẹ́ ẹ bá rí ògiri. Ẹni tó fún yín ní ìwé láti inú ọ́fíìsì ìjọba, ilé tí ẹni tí wọ́n ń wá sùn sí, ṣọ́ọ̀bù tó bá yín tẹ̀wé, ẹni tọ́rọ̀ kàn nìkan ni kó mọ̀. Ẹ má jẹ́ kó di pé ẹ̀ ń bi ara yín ní ìbéèrè tí iṣẹ́ yín ò bèèrè fún. Tí màmá ẹlẹ́wà bá ti ń dáná, kó máa dáná.

Ọ̀rọ̀ ìwé mínìtì. Ẹ ra nóòtù hádì-kọ́fà tó nípọn, kì í ṣe fóònù o. Tiwa ládùúgbò wa, ojú ewé kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tí wọ́n fi báírò kọ sí igun òkè kó má baà sí ẹni tó máa fa ìkankan ya, ọjọ́, àwọn tó wá, ohun tá a fẹnu kò lé lórí, ẹni tó máa ṣe é, ọjọ́ tó máa ṣe é. Kò sí "bàbá báyìí sọ pé, ìyá báyìí dáhùn pé", kóòtù kọ́ la wà. Orúkọ ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ tó lè kó bá a, a kì í kọ ọ́. Tá a bá kọ ọ́ tán, ẹnì kan á ya fọ́tò ojú ewé náà, á fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan tí kò sí ní Èkó. Tiwa wà lọ́wọ́ àbúrò ẹnì kan ní Ìbàdàn. Mo mọ̀ pé ó dà bí ìwà àgbà, àmọ́ ọjọ́ tí wọ́n wá kó ìwé wa, a tẹ gbogbo ẹ̀ padà ní ọjọ́ Túsìdeè tó tẹ̀ lé e.

Owó wá. Owó oṣù kékeré, kí gbogbo èèyàn lè san án, ₦200, ₦500, ẹni tó san ₦200 lójú ara ẹ̀ ni onílé, ẹni tí òṣèlú bá ṣe lóore ₦500,000, ilé olóore ló ń gbé. Ẹni méjì ni kó máa fọwọ́ sí i ní báǹkì, kí àwọn méjèèjì má jẹ́ tẹbí kan náà tàbí tọkọtaya (ẹ má rẹ́rìn-ín, mo ti rí i). Kẹ́ ẹ sì mọ̀ pé wọ́n lè gbẹ́sẹ̀ lé àkáǹtì. Lẹ́yìn ìwọ́de EndSARS ní 2020, báǹkì àpapọ̀ gba àṣẹ kóòtù láti ti àkáǹtì 20 tó jẹ mọ́ ìwọ́de náà pa. Ṣáájú ìyẹn, nígbà tí ìwọ́de ṣì ń lọ lọ́wọ́, ọ̀nà tí Feminist Coalition, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń kówó jọ fún ìwọ́de náà, fi ń gba owó dí mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n bọ́ sórí Bitcoin, owó tó wọlé fún wọn sì ju mílíọ̀nù 147 náírà lọ. Bitcoin yẹn ni gbogbo èèyàn ń sọ, èmi ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ kọ́ nìyẹn: wọ́n ń gbé ìṣirò jáde, oúnjẹ èló, ọsibítù èló, lọ́yà èló, títí wọ́n fi sọ pé àwọn ò gba owó mọ́. Ohun àkọ́kọ́ tí ìjọba apàṣẹwàá máa sọ nípa yín ni pé ẹ ti kówó jẹ, tàbí pé òyìnbó ló ń fún yín lówó. Ẹgbẹ́ tó bá ń lẹ ìṣirò mọ́ ògiri lóṣooṣù, irọ́ yẹn kì í ràn án.

Ẹ̀ẹ́ máa gbọ́ pé kẹ́ ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ó dáa, báǹkì á gbà yín, kóòtù á mọ̀ yín. Ẹ ṣáà ka òfin CAMA 2020 ìpín 839, ó fún CAC láyè láti dá àwọn alámòójútó ẹgbẹ́ dúró kí wọ́n sì yan ẹlòmíì sípò wọn. Torí náà ìwé CAC yẹn ò gbọdọ̀ jẹ́ ẹ̀mí ẹgbẹ́ yín. Ẹ̀mí ẹgbẹ́ yín wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn méje yẹn àti àwọn tó máa rọ́pò wọn.

Rírọ́pò gan-an lọ̀rọ̀, èyí tó máa ń dùn mí jù nìyẹn. Abíọ́lá kéde ara ẹ̀ ní ààrẹ ní Ẹpẹ́tẹ́dó, níbí ní Ìsàlẹ̀ Èkó, 11 June 1994. 23 June wọ́n ti gbé e. Àwọn òṣìṣẹ́ epo NUPENG bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ní 4 July, PENGASSAN, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀gá òṣìṣẹ́ epo, dara pọ̀, àwa tá a wà ní Èkó mọ̀ bí kò ṣe sí bẹntiróòlù, ẹsẹ̀ ni mo fi rìn láti Ṣómólú dé Yaba tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi bímọ. Ìjọba ológun mì. Kí ni wọ́n wá ṣe? Ní August wọ́n tú àwọn aláṣẹ NUPENG, PENGASSAN àti NLC, àpapọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ Nàìjíríà, ká, wọ́n yan alábòójútó lé wọn lórí, wọ́n sì wá Frank Kokori tó jẹ́ akọ̀wé àgbà NUPENG kiri títí wọ́n fi mú un. Nígbà tó fi máa di September, ó ti parí. Mi ò bú wọn o, wọ́n ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ wa ò lè ṣe, Kokori sì lò ju ọdún mẹ́ta lọ látìmọ́lé. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìjọba apàṣẹwàá mọ̀ pé orí ni wọ́n ń fọ́ ejò. Ẹ má jẹ́ ejò. Àwọn TheNews, ọjọ́ tí Babangida fòfin dè wọ́n ní 1993, àwọn kan náà gbé Tempo jáde, orúkọ míì, iṣẹ́ kan náà.

Báyìí lẹ ṣe máa ṣe é: ipò kọ̀ọ̀kan ní igbákejì, igbákejì ní igbákejì, ẹni kẹta yẹn kì í wá sí ìpàdé gbangba, kì í wọ fẹ́ẹ̀sì-káàpù. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta, ẹ jẹ́ kí ṣíámáànù jókòó sílé, kí igbákejì darí ìpàdé bíi pé ẹni yẹn ò sí mọ́, ẹ̀ẹ́ rí ibi tó ti jò. Ọdún méjì ni sáà, ẹ̀ẹ̀mejì péré lẹnì kan lè ṣe é. Mo mọ bí a ṣe rí, "bàbá yẹn ń ṣe dáadáa, ẹ jẹ́ kó máa bá a lọ", ọ̀rọ̀ táwọn èèyàn sọ fún Abacha náà nìyẹn nígbà tó fẹ́ fi aṣọ ológun sílẹ̀ kó wọ agbádá ní 1998. Ẹgbẹ́ tí kò lè yọ ṣíámáànù tiẹ̀ láì jà, mi ò mọ ohun tó fẹ́ kọ́ ìjọba.

Ó ku ọjọ́ tí wọ́n bá gbé ẹnì kan. Ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí.

Ẹni tó bá wà níbẹ̀, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó wò dáadáa: aago mélòó, nọ́ńbà mọ́tò, irú aṣọ tí wọ́n wọ̀, ohun tó wà lẹ́yìn aṣọ, ọ̀nà tí mọ́tò gbà, aṣọ tí ẹni tí wọ́n gbé wọ̀. Tí fídíò bá ṣeé ṣe, ẹ jìnnà kẹ́ ẹ tó ṣe é. Lẹ́yìn náà ẹni kọ̀ọ̀kan á pe ẹni méjì, àwọn méjì yẹn á pe méjì méjì, orúkọ àwọn tẹ́ ẹ máa pè ti wà nílẹ̀ ṣáájú, lórí ìwé, torí fóònù lè bá ẹni tí wọ́n gbé lọ. Ẹni méjì ni kó lọ sí téṣàn, kì í ṣe èèyàn ogún, ogún á di ìwọ́de, wọ́n á rí ẹni kún un. Kí ọ̀kan jẹ́ obìnrin tó dàgbà.

Mo sọ bẹ́ẹ̀ nítorí ọdún tí wọ́n gbé akápò wa. Ọ̀rọ̀ tíráńsífọ́mà ni, a kọ̀wé ẹ̀hónú, inú ẹnì kan ò dùn sí i. A dé téṣàn kan tí mi ò ní dárúkọ, ọlọ́pàá tó wà ní káńtà ní kò sẹ́ni tó ń jẹ́ orúkọ yẹn níbẹ̀, ó tiẹ̀ ṣí ìwé fún wa pé ká wò ó. Màmá tá a jọ lọ, ọlọ́dún àádọ́rin, kò bá a jiyàn. Wọ́n ní "ó dáa ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí n sinmi díẹ̀", wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Nígbà tó yá wọ́n dìde, wọ́n rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ ilé bíi pé wọ́n fẹ́ tọ̀, wọ́n pariwo orúkọ akápò, orúkọ àti oríkì, "Àjàní o! Ṣé ibẹ̀ lo wà?" Ohùn kan sì jáde láti inú sẹ́ẹ̀lì, "Ẹ̀ẹ̀ẹ́ màmá, èmi rè é o!" Ọlọ́pàá káńtà wojú wa, àwa náà wojú ẹ̀. Mo ní ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ta ni IPO ẹ̀? Ó dárúkọ.

Ẹ bèèrè orúkọ IPO, ìyẹn ọlọ́pàá tó ń wádìí ẹjọ́ náà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ gbé oúnjẹ àti oògùn tó ń lò lọ. Ẹ sọ fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ láti ìsinsìnyí pé ìwé òfin 1999, ìpín 35, sọ pé èèyàn lè dákẹ́ títí á fi rí lọ́yà ẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ sọ ohun tó ṣe fún un nínú ìwé láàárín wákàtí 24, ní èdè tó gbọ́. Tí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan ni wọ́n ní láti gbé e dé kóòtù, ní Èkó níbí, ibo ni kóòtù ò ti sí nínú kìlómítà 40? Police Act 2020 náà sọ pé wọn ò gbọdọ̀ mú ẹlòmíì dípò ẹni tí wọ́n ń wá, torí náà tí wọ́n bá ní àwọn ń gbé ìyàwó ẹ̀ títí tó fi máa yọjú, ẹ mọ̀ pé òfin ò sí lẹ́yìn wọn. Béèlì, ọ̀fẹ́ ni, wọ́n kọ ọ́ sára ògiri, gbogbo wa la mọ bó ṣe ń lọ lábẹ́ ògiri yẹn náà. Ẹ ti fẹnu kò ṣáájú, ṣé ẹgbẹ́ yín á san án àbí kò ní san án, torí kì í ṣe ní iwájú káńtà ní aago mọ́kànlá alẹ́ tí ìyá ẹni tí wọ́n gbé ń sunkún lèèyàn ti ń ronú ìyẹn. Tẹ́ ẹ ò bá ní lọ́yà, Legal Aid Council wà, OPD, ọ́fíìsì lọ́yà ará ìlú ti ìpínlẹ̀ Èkó, náà wà, ọ̀fẹ́ ni wọ́n. Ẹ lọ bá wọn nígbà tí ìjà ò tíì dé, kí wọ́n mọ ojú yín.

Kí ẹnì kan ṣoṣo máa bá akọ̀ròyìn sọ̀rọ̀, kó sì sọ ohun tó mọ̀ nìkan: orúkọ, aago, ibi, àwọn tó gbé e. Ẹ má ní "wọ́n ti pa á" tẹ́ ẹ ò bá rí òkú. Lẹ́ẹ̀kan tẹ́ ẹ bá parọ́, ọdún méjì ni wọ́n á fi máa jẹ ẹ́ lẹ́nu.

Ohun tí gbogbo èèyàn máa ń gbàgbé ni ilé ẹni tí wọ́n gbé. Ní 1995 wọ́n gbé Beko lọ sẹ́wọ̀n Katsina, ẹ wo Èkó sí Katsina, ìrìn àjò ọjọ́ kan gbáko. Kí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ máa lọ sílé ẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ mọ ọjọ́ tí owó ilé-ìwé ọmọ ẹ̀ máa pé. Ẹni tó bá mọ̀ pé àwọn ọmọ òun ń jẹun kì í tètè bá wọn fọwọ́ síwèé. Tó bá sì jáde, alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an kó tó wẹ̀, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, ẹ ya fọ́tò ibi tí wọ́n nà, ẹ kọ ohun tó sọ sílẹ̀. Ọjọ́ kejì, ó ti ń gbàgbé nọ́ńbà sẹ́ẹ̀lì.

Ti ìwọ́de, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti sọ ní 2007 pé a ò nílò ìwé àṣẹ ọlọ́pàá ká tó péjọ. Àmọ́ òfin lọ̀tọ̀, pópó lọ̀tọ̀. July 1993 tí Campaign for Democracy pe ìwọ́de, àwọn ọmọ ìta wọ inú ẹ̀, wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ onímọ́tò, wọ́n ń fọ́ ṣọ́ọ̀bù, àwọn ṣọ́jà rí ìyẹn lò, wọ́n yìnbọn, ọ̀pọ̀ kú. Oṣù tó tẹ̀ lé e wọ́n yí i padà, wọ́n ní kí kálukú jókòó sílé fún ọjọ́ mẹ́ta, Èkó sì dákẹ́ rọ́rọ́. Ṣọ́jà ò lè yìnbọn sí ẹni tó ń sùn nílé ẹ̀. Ní March 1998 tí wọ́n tún fẹ́ péjọ ní Yaba, ọlọ́pàá na lọ́yà Olisa Agbakoba títí ojú ẹ̀ fi wú. Torí náà ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé kí ni èèyàn lè ṣe láì fara ẹ̀ sílẹ̀ fún ìbọn, kí ọjà tì, kí danfo má jáde, kí gbogbo àdúgbò wọ aṣọ dúdú lọ́jọ́ Fúráìdè. Tẹ́ ẹ bá máa jáde náà, ẹ jáde láàárọ̀, kẹ́ ẹ sì sọ aago tẹ́ ẹ máa lọ sílé, kó tó ṣú.

Fóònù: Twitter lọ láti June 2021 títí di January 2022, ìjọba àpapọ̀ ṣáà pa á. Ẹgbẹ́ tí gbogbo ohùn ẹ̀ wà lórí ẹ̀rọ kan ti fi gbogbo ohùn ẹ̀ sọ́wọ́ ẹni tó ni sùíṣì. Ẹ ní nọ́ńbà SMS, ẹ mọ Lèmọ́mù àti Pásítọ̀ tó máa kéde, ẹ mọ ìyálọ́jà, ẹ mọ ẹnì kan ní Ṣómólú tó ń tẹ̀wé (ẹ̀ẹ́ rí mi).

Tí ìdìbò bá dé, iṣẹ́ yín ò ju fọ́ọ̀mù EC8A lọ, ìwé tí wọ́n ń kọ èsì ibùdó ìdìbò sí. Ẹ rán ẹnì kan sí ibùdó ìdìbò kọ̀ọ̀kan ládùúgbò, kó dúró títí wọ́n fi kà á tán, kó ya fọ́tò fọ́ọ̀mù náà, kó fi ránṣẹ́. Ìdí tí wọn ò fi lè purọ́ fún wa nípa June 12 nìyẹn, níbi tí wọ́n ti dìbò ni wọ́n ti kà á, àwọn aṣojú ẹgbẹ́ òṣèlú méjèèjì rí i. Wọ́n lè wọ́gi lé e, wọn ò lè sọ pé ẹlòmíì ló wọlé.

Èyí tó kẹ́yìn ò ní adùn. Tí ẹ bá ṣe dáadáa, ìjọba á wá fún àwọn èèyàn yín nípò. Abacha kú ní June 1998, Abíọ́lá kú sínú àtìmọ́lé ní July, nígbà tó fi máa di May 1999 tí àwọn alágbádá wọlé, àwọn tá a jọ ń pín ìwé lálẹ́ ti di ọlọ́lá, àwọn míì di aṣèrànwọ́ gómìnà, kò burú, ìjọba náà nílò èèyàn gidi. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ sùn lọ lọ́jọ́ yẹn torí orí ẹ̀ ti lọ sí Abuja àti Alausa, kò sẹ́ni tó gbé báírò mọ́. Tiwa, a kọ ọ́ sínú òfin ẹgbẹ́: ẹni tó bá gba ipò ìjọba tàbí tíkẹ́ẹ̀tì òṣèlú, ọjọ́ tó gbà á náà ló fi ipò sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́, ó lè máa san owó oṣù, kò lè darí ìpàdé.

Ó kàn wá lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn. Akọ̀wé wa, ọ̀rẹ́ mi, wọ́n fún un ní ipò nínú ẹgbẹ́ òṣèlú kan ní wọ́ọ̀dù. Ó gbàgbé òfin yẹn fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. A se àmàlà àti gbẹ̀gìrì, a pè é wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, a kí i kú oríire, a jẹun tán, màmá ọlọ́dún àádọ́rin yẹn sì na ọwọ́ sí i kó kó fáìlì àti kọ́kọ́rọ́ dúrọ́ọ̀ sílẹ̀. Ó wojú mi, mo ń fọ ọwọ́. Ó kó o sílẹ̀.